Bí A Ṣe Ń Lo Ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀ Tó Ń Mójú Tó Kébù, Òpó Fóònù àti Tẹlifíṣọ̀n Àdúgbò ní Amẹ́ríkà

Bí ẹ bá ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí ẹ sì ń san owó kébù lóṣooṣù, ẹ tún bíìlì yín wò dáadáa. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n to àwọn owó kéékèèké sí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìlà kan tí wọ́n kọ franchise fee sí, kí ẹ sì rí òmíràn tí wọ́n kọ PEG fee sí, ìyẹn owó ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tí ará ìlú, ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọba ń lò. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a wà níhìn-ín ló ti ń san owó yìí láti ọdún pípẹ́ láì béèrè ohun tó wà fún. Owó náà kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kébù. Ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn ìlú tàbí káúńtì tí ẹ ń gbé, ló máa ń gbà á, nítorí pé abẹ́ títì ìlú àti ara àwọn òpó ẹ̀bá ọ̀nà ni ilé iṣẹ́ náà gbé wáyà rẹ̀ gbà. Ẹni tó bá fẹ́ gba orí ilẹ̀ gbogbo ìlú kọjá gbọ́dọ̀ bá ìlú ṣe àdéhùn, ẹ̀tọ́ yín sì wà nínú àdéhùn náà.

Nílé, ohun tí a mọ ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kò ju owó láísẹ́ǹsì lọ. Àfikún Kẹrin nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló fún wọn ní agbára láti gbà á, àwọn awakọ̀ sì mọ sítíkà rẹ̀ dáadáa. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí ọkàn wa kì í fi í lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ kébù bá rẹ́ wa jẹ níhìn-ín. A máa ń pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà títí, a máa ń bínú, a máa ń sanwó. Àmọ́ ọ́fíìsì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ ẹjọ́ wa, owó wa ló sì ń ná.

Ohun tó wà níkàáwọ́ ọ́fíìsì náà

Kí ẹ tó gbé ẹjọ́ lọ, ẹ mọ ibi tí agbára wọn mọ, kí wọ́n má baà dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà. Òfin kébù tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1984 fún àwọn ìlú àti káúńtì ní agbára láti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí wọ́n ń pè ní franchise, láti gba owó tí kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 lọ lórí owó tí ilé iṣẹ́ náà ń pa lórí kébù láàárín oṣù 12, àti láti béèrè fún ìkànnì tí ará ìlú, ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọba yóò máa lò. Òfin míràn tó tẹ̀ lé e ní ọdún 1992 fi ọ̀rọ̀ ìtọ́jú oníbàárà lé wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ kébù kò bá wá lọ́jọ́ tó dá, bí wáyà bá já sílẹ̀ sínú àgbàlá yín, bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ iwájú ilé tí wọn kò sì dí i, tàbí bí wọ́n bá kọ̀ láti dá owó padà, ẹjọ́ ọ́fíìsì náà nìyẹn.

Iye tí wọ́n ń gbà fún kébù kò sí níkàáwọ́ wọn mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, pàápàá láti ọdún 2015 tí àjọ FCC, tó jẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ìbánisọ̀rọ̀, ti gbà pé ìdíje ti wà káàkiri. Íntánẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáyà kan náà ló ń gbé e wọlé. Ẹ̀sùn íntánẹ́ẹ̀tì àti ti fóònù ń lọ sọ́dọ̀ FCC fúnra rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, lórí ojú òpó wọn, ilé iṣẹ́ tí ẹ fẹ̀sùn kàn sì ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, bíi Texas láti ọdún 2005 àti California láti ọdún 2006, ìpínlẹ̀ ló ń fún ilé iṣẹ́ kébù ní ìwé àṣẹ, agbára tó kù fún ìlú sì yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí ẹ bá wà ní irú ibẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi ìlú yín ni bóyá ẹ̀sùn kébù ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ọ́fíìsì náà, kí ẹ sì gba ìwé àdéhùn

Ẹ yí bíìlì yín padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù aláṣẹ tó fún ilé iṣẹ́ náà ní franchise máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pe 311, ìyẹn nọ́ńbà fóònù tí a fi ń bá ìjọba ìlú sọ̀rọ̀, bí ìlú yín bá ní in, tàbí kí ẹ pe akọ̀wé ìlú, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń bójú tó cable franchise. Ẹ lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn gan-an, nítorí pé bí ẹ bá kàn sọ pé tẹlifíṣọ̀n yín kò ṣiṣẹ́, wọn yóò dá yín padà sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kébù. Káúńtì ńláńlá máa ń ní ẹ̀ka kan fún iṣẹ́ yìí. Ní ìlú kékeré, ó lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí ó tún ń bójú tó nǹkan mẹ́ta míràn, ni yóò dá yín lóhùn. Ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Ẹ béèrè fún ẹ̀dà ìwé àdéhùn náà. Ìwé ìjọba ni, gbogbo ará ìlú ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á. Ọ̀pọ̀ ìlú ti gbé tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè tó ọgọ́rùn-ún ojú ewé, ṣùgbọ́n ibi mẹ́rin péré ni kí ẹ wá: ọjọ́ tí àdéhùn yóò parí, apá tó sọ nípa ìtọ́jú oníbàárà, owó ìtanràn tí ilé iṣẹ́ náà yóò san bí ó bá yẹ àdéhùn, àti apá tó sọ nípa ìkànnì ará ìlú. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà ojú ewé náà sínú ìwé kékeré kan. Ẹ ó tún un lò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ náà sọ ọ́, kí ẹ sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́

Ọ́fíìsì ìjọba yóò bi yín bóyá ẹ ti fún ilé iṣẹ́ náà láyè láti tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ pè wọ́n, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ pè, orúkọ ẹni tó gbé fóònù, ohun tó ṣèlérí, àti nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀. Bí wọn kò bá fún yín ní nọ́ńbà, ẹ béèrè rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìyá tàbí bàbá yín tó dàgbà ló ni àkáǹtì náà, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ fún wọn lórí fóònù pé ó fún yín láṣẹ láti bá wọn sọ̀rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn yín.

Mo kọ́ ìwúlò ẹ̀rí lọ́dún kan nínú oṣù kìíní. Ilé iṣẹ́ kébù kan dá aago mẹ́jọ sí méjìlá fún mi, mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé iwájú ilé. Kò sí ẹni tó wá. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní òṣìṣẹ́ àwọn ti wá, ó kan ilẹ̀kùn, kò rí ẹni dáhùn, nítorí náà mo ní láti san owó ìrìn àjò rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, mo wo àtẹ̀gùn: yìnyín tó bọ́ lóru ọjọ́ náà ṣì tẹ́jú sórí rẹ̀ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, kò sí ipa ẹsẹ̀ ènìyàn kankan níbẹ̀, àfi ti ẹyẹ kan tó fò bà lé àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀. Mo fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ní aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú méje. Àwòrán yẹn àti ọjọ́ tí wọ́n dá ni gbogbo ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì káúńtì. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti fagi lé owó náà, wọ́n sì dá owó míràn padà sórí bíìlì mi.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi òṣùwọ̀n òfin wọ̀n wọ́n

Ẹ̀sùn tó bá ní òṣùwọ̀n nínú lágbára ju ìkùnsínú lọ. Òfin FCC lórí ìtọ́jú oníbàárà kébù, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ lè fi múlẹ̀, sọ pé ó yẹ kí ènìyàn gbé fóònù láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Àkókò tí wọ́n bá dá fún yín láti wá sílé kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju wákàtí 4 lọ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fagi lé e lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí ní ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ náà bá rí i pé òun yóò pẹ́, ó gbọ́dọ̀ pè yín. Bí kébù bá lọ pátápátá, wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n mọ̀ ọ́n, ìṣòro míràn sì gbọ́dọ̀ rí ìtọ́jú láti ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ẹ fi tó wọn létí. Bí ilé yín kò bá jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 125 lọ sí wáyà tó wà nílẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 7 ni wọ́n ní láti fà á wọlé fún yín. Ìlú yín lè ti fi èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ sínú ìwé àdéhùn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbà á.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ má baà ṣi òfin náà lò. Ìdá 90 nínú 100 ni òfin béèrè lórí gbígbé fóònù, ìdá 95 nínú 100 ló sì béèrè lórí wíwá sílé àti títún nǹkan ṣe, wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìjákulẹ̀ ẹyọ kan nílé yín nìkan kò sọ ilé iṣẹ́ náà di arúfin. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí a kọ sílẹ̀ ni ọ́fíìsì náà ń kà. Bí ìdílé ogún ní àdúgbò kan bá jìyà kan náà, tí ẹnì kan ṣoṣo sì kọ̀wé, ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú àkọsílẹ̀ wọn. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ wá kọ lẹ́tà tàbí íméèlì yín. Ojú ewé kan tó. Nínú ìlà àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín, orúkọ ilé iṣẹ́ náà àti nọ́ńbà àkáǹtì yín. Lẹ́yìn náà, ẹ to ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra wọn pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, ẹ tọ́ka sí ojú ewé ìwé àdéhùn tí wọ́n yẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní gbólóhùn kan: kí wọ́n dá iye báyìí padà, tàbí kí wọ́n wá bo wáyà báyìí mọ́lẹ̀. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹni tó máa kà á ní ọ́fíìsì ìjọba ni yóò tún fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà bí ẹ ṣe kọ ọ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń nira fún yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ògbufọ̀ Yorùbá. Àwọn ìlú kan ń pèsè rẹ̀ lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí òpó tàbí áńténà bá fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà yín

Ọ̀rọ̀ òpó fóònù ni àwọn ará wa ti máa ń pàdánù jù, nítorí pé wọn kì í tètè gbọ́, bí wọ́n bá sì gbọ́, ohun tí òfin kò gbà láti gbọ́ ni wọ́n máa ń sọ. Òfin ọdún 1996 fi sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ láti pinnu ibi tí wọ́n yóò gbé òpó sí, bí yóò ṣe ga tó àti bí yóò ṣe rí. Wọn kò gbọ́dọ̀ lo agbára yìí láti lé iṣẹ́ fóònù kúrò nílùú pátápátá, wọn kò sì gbọ́dọ̀ torí ìtànṣán rédíò kọ òpó náà bí ilé iṣẹ́ náà bá ti tẹ̀ lé òṣùwọ̀n FCC. Nítorí náà, ẹni tó bá dìde níbi ìpàdé tó sì lo gbogbo ìṣẹ́jú rẹ̀ lórí àìsàn, bó ti wù kí ẹ̀rù rẹ̀ jẹ́ òótọ́ tó, kò fún ìgbìmọ̀ ní ohun tí wọ́n lè lò. Ẹ sọ pé òpó náà sún mọ́ ilé jù fún gíga rẹ̀. Ẹ sọ pé kò ní jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ arọ rí ọ̀nà gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ fi àwòrán hàn wọ́n, kí ẹ sì dárúkọ ibòmíràn tí ẹ rò pé ó dára jù.

Àkókò kò pọ̀. Fún àwọn áńténà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní small cell, òfin FCC ti ọdún 2018 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ọjọ́ 60 láti pinnu bí áńténà náà yóò bá wà lórí òpó tó ti wà nílẹ̀, àti ọjọ́ 90 bí ó bá jẹ́ òpó tuntun. Fún òpó ńlá tuntun, ọjọ́ 150 ni. Bí ẹ bá rí ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó iná tàbí tí wọ́n fi sínú àpótí lẹ́tà yín, ẹ pe ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ béèrè nọ́ńbà ìwé ìbéèrè náà àti ọjọ́ tí wọn yóò gbọ́ ti ará ìlú. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá kọ̀ ọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú ìwé, pẹ̀lú ẹ̀rí tó tó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin bá sọ níbi ìpàdé náà, bí ó bá ní ẹ̀rí, lè wà nínú ohun tí wọ́n máa gbẹ́kẹ̀ lé níwájú adájọ́.

Díìṣì wà lọ́tọ̀. Bí onílé tàbí ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò bá ní kí ẹ yọ díìṣì tí ẹ fi ń wo tẹlifíṣọ̀n, òfin FCC kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996, tí wọ́n sì fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ayálégbé ní ọdún 1999, dáàbò bo díìṣì tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà kan lọ, bí ó bá wà níbi tí ẹ̀yin nìkan ń lò, bíi ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tiyín. Kò dáàbò bo èyí tí ẹ kàn mọ́ òrùlé tàbí ògiri ìta tó jẹ́ ti gbogbo ayálégbé.

Ìkànnì àdúgbò: ẹ lọ fi Yorùbá sórí rẹ̀

Ibi tí ọkàn mi wà jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. PEG fee tí ẹ ń san ló ń ra kámẹ́rà àti iná fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àdúgbò, níbi tí ará ìlú ti lè kọ́ṣẹ́, kí wọ́n sì gbé ètò tiwọn jáde lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó táṣẹ́rẹ́. Ní New York, irú wọn ni Manhattan Neighborhood Network àti BronxNet. Ní Maryland, Montgomery Community Media wà ní Rockville. Òfin kò fún ilé iṣẹ́ kébù láyè láti máa yan ohun tí ará ìlú yóò sọ lórí ìkànnì náà, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìwà ìbàjẹ́. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ kankan tó ní ètò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ mú ẹ̀rí pé ẹ ń gbé ládùúgbò náà lọ́wọ́, kí ẹ lọ síbi ìpàdé tí wọ́n fi ń kí àwọn tuntun káàbọ̀, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kámẹ́rà. Ẹ ka ìwé òfin ilé iṣẹ́ náà délẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà ti sọ ní ọdún 2019, nínú ẹjọ́ tó kan Manhattan Neighborhood Network, pé ẹgbẹ́ aládàáni tó ń bójú tó irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìjọba, nítorí náà òfin inú ilé wọn ni yóò dè yín. Wọn kì í sábà gba ìpolówó ọjà. Orin inú àwo tí ẹlòmíràn ni kò ṣeé lò láì gbàṣẹ. Ẹ mú onílù wá kó lù ú níbẹ̀.

Ohun díẹ̀ wà tí olùkọ́ yín lè má mọ̀ láti sọ fún yín. Agbádá máa ń gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n bá so mọ́ àyà, gbogbo ìgbà tí a bá sì ká apá aṣọ sókè, ohun tí ará ilé yóò gbọ́ ni ìró bí ìgbà tí wọ́n ń ya bébà. Ẹ so ó mọ́ ọrùn bùbá inú, kí ẹ sì fi bọ̀ọ́lù fóòmù kékeré bò ó. Léèsì funfun máa ń tàn yòò lójú kámẹ́rà débi pé iṣẹ́ ara rẹ̀ kò ní hàn mọ́. Àdìrẹ dára jù ú lọ. Gèlè gíga sì máa ń ṣíji bo ojú bí iná bá ti òkè wá, nítorí náà ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ iná kan kalẹ̀ dé ìwọ̀n ojú. Onígángan gbọ́dọ̀ jìnnà díẹ̀ sí ẹ̀rọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn ìlù náà yóò fọ́.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú kí àdéhùn tó parí

Ẹ padà sí ọjọ́ tí ẹ kọ sínú ìwé kékeré yín. Òfin gbà pé láàárín oṣù mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 36 ṣáájú ọjọ́ tí àdéhùn yóò parí, ìjọba ìbílẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ohun tí ará ìlú ń fẹ́, kí ó sì yẹ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà wò. Ìgbà náà ni ẹnu yín níye lórí jù, nítorí pé ìkànnì tí kò bá sí nínú ìwé tuntun kò ní sí nílùú. Owó náà sì ń dín kù: ọ̀pọ̀ ìdílé ti fi kébù sílẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì, orí owó kébù nìkan sì ni franchise fee wà. Àwọn ìlú tí kò rí ẹni gbèjà ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àdúgbò wọn lè tètè gbàgbé rẹ̀.

Ẹ pe ọ́fíìsì náà ní oṣù kan ṣáájú àkókò yẹn, kí ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ yín sínú ìwé àwọn tí wọ́n máa ń fi ìkéde ìpàdé ránṣẹ́ sí. Lọ́jọ́ ìpàdé náà, ẹ tètè dé, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti sábà ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n sì sábà ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà ẹ̀sùn tí ẹ kọ lọ́wọ́, ẹ mú orúkọ àwọn ètò Yorùbá tó ti jáde lórí ìkànnì náà àti ọjọ́ tí wọ́n jáde, kí ẹ sì mú àgbàlagbà kan láti inú ẹgbẹ́ yín dání, ẹni tó ń wò wọ́n, kí òun fúnra rẹ̀ sọ ohun tó ń rí níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ fún akọ̀wé kí ẹ tó jáde, kí ó lè wọ inú àkọsílẹ̀.